Ẹ fọwọ́ bo orúkọ ná: bí a ṣe ń wo àwòrán èèyàn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé yà

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wo àwọn àwòrán yìí ni pé kó fọwọ́ bo orúkọ ná. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán nínú mùsíọ́mù, tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tíì kà á. Orúkọ ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ nípa ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Àwòrán kan wà ní Metropolitan Museum ní New York, ọmọbìnrin kan ló jókòó nínú ẹ̀, aṣọ funfun ló wọ̀, ó gbé pátákó ìyàwòrán lé itan, fèrèsé ńlá kan wà lẹ́yìn ẹ̀, ó sì gbójú sókè wò wá bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá a lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọdún 1917 ni àwòrán yìí dé ọwọ́ mùsíọ́mù náà, orúkọ Jacques-Louis David ló sì bá dé, David tó jẹ́ pé òun ni ọ̀gá àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé nígbà náà lọ́hùn-ún. Gbogbo èèyàn ń yìn ín. Nígbà tó di 1951 ni Charles Sterling, ọ̀mọ̀wé kan nípa ìtàn àwòrán, kọ ọ́ pé kì í ṣe David ló yà á, torí àwòrán yẹn hàn nínú àwòrán mìíràn tí wọ́n fi ṣe ìrántí Salon ọdún 1801, Salon ni ìpàtẹ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe nínú Louvre ní Paris, David ò sì gbé iṣẹ́ kankan wá lọ́dún yẹn. Sterling rò pé Constance Charpentier ló ṣeé ṣe kó yà á. Ohun tó wá ń dùn mí níbẹ̀ ni pé bó ṣe sọ pé obìnrin ló yà á báyìí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àléébù lára ẹ̀, ó ní àléébù wà níbẹ̀ tí wọ́n fọgbọ́n bò mọ́lẹ̀, ó ní ó hàn lára ẹ̀ pé ẹ̀mí obìnrin ló wà níbẹ̀. Ní 1996, Margaret Oppenheimer, ọ̀mọ̀wé mìíràn, tún fi hàn pé Marie-Denise Villers ni, orúkọ yẹn náà ló sì wà lára ẹ̀ dòní. Ọmọbìnrin tó jókòó ńkọ́? Charlotte du Val d'Ognes ni. Láti 1801 títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹyọ brọ́ọ̀ṣì kan ò yí padà lára àwòrán yẹn, orúkọ nìkan ló ń yí.

Èmi fúnra mi, àwòrán yìí ti wà lórí fóònù mi tipẹ́ pẹ̀lú orúkọ David, bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mo sì gbà. Ìgbà tí mo mọ ìtàn ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán kí n tó ka nǹkan kan nípa ẹ̀, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kọ́ ẹni tó bá ń kà á.

Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ bo orúkọ, ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ má tíì wo ojú. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí iwájú ẹni tó jókòó torí ìyẹn ló rọrùn jù, ojú á mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ á hàn. Ẹ wá wo ohun tí Villers ṣe: ẹ̀yìn ọmọbìnrin yẹn ni ó fi ìmọ́lẹ̀ sí, ojú ẹ̀ wá bọ́ sínú òjìji, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ta padà láti ara bébà àti aṣọ funfun ló ń jẹ́ ká rí i, ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ sì ń ṣe bí òwú lára irun rẹ̀ àti etí aṣọ ẹ̀. Iṣẹ́ tó le gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa dédé bọ́ sí i, ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ka iwájú ara ẹ̀ kó lè borí ẹ̀.

Élisabeth Vigée Le Brun náà ti ṣe nǹkan tó jọ ọ́ ṣáájú ẹ̀, ní 1782. Ó rìnrìn àjò lọ sí Antwerp, ó rí àwòrán obìnrin tó dé fìlà tí Rubens, ọ̀gá ayàwòrán àtijọ́ kan, yà, ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ò sì kúrò lọ́kàn ẹ̀, ó ya ara ẹ̀ pẹ̀lú fìlà koríko tó ní òdòdó àti ìyẹ́. Tẹ́ ẹ bá súùmù iwájú orí ẹ̀, ẹ máa rí i pé ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀: ti oòrùn gangan tó bọ́ sí ọrùn àti àyà, àti èyí tó rọ̀ tó wà lábẹ́ fìlà, tó jẹ́ pé òjìji ni àmọ́ kò dúdú, ẹ ṣì ń rí àwọ̀ pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kedere. National Gallery ní London ní ọ̀kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ tún yà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí òjìji ṣe lè ní àwọ̀, kó lọ jókòó ti àwòrán yẹn.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ẹ lọ sí ọwọ́. Mo fẹ́ràn apá yìí jù. Kí ni ọwọ́ yẹn dì mú? Àwọn obìnrin yìí kì í fi nǹkan sọ́wọ́ lásán, pàápàá tó bá jẹ́ ara wọn ni wọ́n ń yà tàbí obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn. Kẹ́ ẹ tó lè mọ ìdí ẹ̀, ẹ ní láti mọ ìdí tó fi jẹ́ àwòrán èèyàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbájú mọ́. Ìyàwòrán tí wọ́n kà sí ńlá ní Faransé nígbà yẹn ni ti ìtàn, ti ogun, ti àwọn òrìṣà Gíríìkì àti Róòmù, kẹ́ ẹ tó lè ya ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ mọ ara ọkùnrin dáadáa, ọkùnrin á bọ́ra sílẹ̀ ẹ̀yin á máa yà á lójoojúmọ́, wọn ò sì gba obìnrin láyè síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn. École des Beaux-Arts, ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán tí ìjọba Faransé ní, 1897 ló tó gba obìnrin wọlé! Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba, Académie royale, obìnrin mẹ́rin péré ni wọ́n ní ó lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1787 àwọn aṣojú ọba ní kí David má gba ọmọbìnrin mọ́ sínú yàrá ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀ ní Louvre. Wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó wá ku ojú, ọwọ́ àti aṣọ. Àwòrán èèyàn sì ń mówó wọlé, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1789 tí wọ́n wá ṣí Salon fún gbogbo ayàwòrán ní 1791, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wọn wá lọ́pọ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwòrán èèyàn.

Ó yá, ẹ wá wo ọwọ́ Adélaïde Labille-Guiard. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba òun àti Vigée Le Brun sínú Académie, May 31, 1783, iye obìnrin sì pé mẹ́rin. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó gbé àwòrán ara ẹ̀ kan jáde tó ga ju èèyàn lọ, ó ju mítà méjì lọ, Metropolitan ló wà báyìí. Ó jókòó síwájú kánfáàsì, pátákó àwọ̀ àti brọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́, aṣọ ṣẹ́dà tó ń dán ló wọ̀, ó dé fìlà ńlá. Ta ló ń wọ ṣẹ́dà ya àwòrán òróró? Kò sí. Ńṣe ló ń fi han ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un pé, wo bí mo ṣe lè ya ṣẹ́dà, wo bí mo ṣe lè ya ìyẹ́. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ méjì ló dúró síbẹ̀, Marie Gabrielle Capet àti Marie Marguerite Carraux de Rosemond, ọ̀kan ń wo ohun tó wà lórí kánfáàsì, ẹ̀yìn kánfáàsì nìkan ni àwa sì ń rí. Obìnrin mẹ́rin ni ẹ gbà, ó sọ ọ́ láìla ẹnu, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi rèé o! Mi ò rò pé mò ń sọ àsọdùn, torí ní 1790 ó dìde láàárín Académie, ó ní kí wọ́n yọ gbèdéke iye obìnrin kúrò.

Ẹ fi wé ti Constance Mayer ní 1801, tó ya ara ẹ̀ àti bàbá ẹ̀, bàbá ń nawọ́ sí ère orí Raphael, ọ̀gá ayàwòrán àtijọ́ ilẹ̀ Ítálì, ó ń sọ fún un pé kó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọwọ́ bàbá ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ìyẹn náà ní ohun tó ń sọ nípa ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin nígbà yẹn.

Ẹnu ńkọ́? Ẹ máa wò ó, kì í pẹ́. Ní Salon 1787, Vigée Le Brun gbé àwòrán ara ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ Julie jáde, ìyá dì mọ́ ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ sì hàn díẹ̀. Eyín lásán! Ariwo ta, wọ́n ní kò bójú mu, pé àwòrán ẹni iyì kì í ṣí ẹnu. Louvre ló wà. Ẹ wò ó lónìí, ẹ ò ní rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀, ìyá àti ọmọ ni.

Tó bá kan aṣọ, aṣọ ló máa bá yín sọ ọdún. Èmi kì í gbìyànjú láti sọ ọdún àwòrán láìwo ibi tí ìgbànú wà. Ṣáájú 1789, ìbàdí ni, aṣọ sì fẹ̀, irun ga, lẹ́búlẹ́bù wà nínú ẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ 1800, aṣọ á di funfun, á fẹ́lẹ́, ìgbànú á gòkè dé abẹ́ ọmú, irun á kéré. Ní àwọn ọdún 1820 ìgbànú tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, tó bá fi máa di 1830 apá aṣọ á ti wú bíi bàlúùnù. Aṣọ sì lè dá ìjà sílẹ̀ o. Ní 1783 Vigée Le Brun ya ayaba Marie Antoinette nínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú fìlà koríko, àwọn èèyàn ní aṣọ abẹ́ ni ayaba wọ̀ jáde, wọ́n ní kó gbé e kúrò ní Salon, ó sáré ya òmíràn tí ayaba ti wọ ṣẹ́dà, tó mú òdòdó róòsì kan náà dání. Vigée Le Brun àti ọmọ ẹ̀ sá kúrò ní Paris ní October 1789, ó gba Ítálì, Vienna àti St. Petersburg, ó ń ya àwọn ìjòyè ibẹ̀, 1802 ló tó padà.

Nígbà tí ìgbà Romantic, ìyẹn ìgbà tí àwọn ayàwòrán ń fi bí nǹkan ṣe rí lára wọn àti ìtàn àtijọ́ ṣe iṣẹ́, wá gbilẹ̀ dáadáa, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn. Ẹ wo àwòrán tí Hortense Haudebourt-Lescot ya ara ẹ̀ ní 1825, tó wà ní Louvre. Fìlà dúdú ló dé, kò wọ ohun tí àwọn obìnrin Paris ń wọ̀ lọ́dún yẹn, ó múra bí àwọn ọ̀gá ayàwòrán àtijọ́, ó sì ti gbé ní Róòmù fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1807. Kò sí pé ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí òdòdó. Ó jókòó sínú ìlà àwọn ọ̀gá láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lè wo ojú yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tó kù yìí, ẹ fara balẹ̀ fún un. Ní Salon 1800, Marie-Guillemine Benoist, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Vigée Le Brun kó tó lọ sọ́dọ̀ David, gbé àwòrán obìnrin aláwọ̀ dúdú kan jáde. Obìnrin náà jókòó sórí àga, ó wé aṣọ funfun mọ́rí bíi gèlè, yẹtí góòlù wà létí ẹ̀, aṣọ funfun ara ẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ débi pé ọmú ẹ̀ kan hàn, okùn pupa wà nídìí aṣọ náà, aṣọ búlúù wà lórí àga. Funfun, pupa, búlúù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ pé àwọ̀ àsíá Faransé nìyẹn, kẹ́ ẹ sì rántí pé 1794 ni Faransé fòfin de ẹrú níní ní àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí Napoleon tún dá a padà ní 1802, àárín méjèèjì ni àwòrán yìí bọ́ sí. Orúkọ tí wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ẹ̀ ò dárúkọ obìnrin náà rárá, àwọ̀ ara ẹ̀ nìkan ni wọ́n sọ. Ó lé ní igba ọdún kí wọ́n tó pàtẹ ẹ̀ ní Musée d'Orsay ní 2019 pẹ̀lú orúkọ ẹ̀: Madeleine. Guadeloupe ni wọ́n ti mú un wá, ìránṣẹ́ ni lọ́dọ̀ àwọn àna Benoist.

Báwo lẹ ṣe máa wò ó? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti awọ ara. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbà yẹn kàn máa ń fi búráùn kan kun gbogbo ara èèyàn dúdú, ó parí. Benoist ò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ súùmù èjìká, ẹ súùmù egungun àyà, ẹ máa rí àwọ̀ oríṣiríṣi níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á, ẹ máa rí bí aṣọ funfun ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo ojú, obìnrin yẹn ń wò yín tààrà, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Àwọn kan sọ pé àwòrán òmìnira ni, àwọn kan ní ọmú tó hàn yẹn fi hàn pé kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ya òun, torí ìyàwó olówó kankan ní Paris kò ní jókòó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Èmi rò pé òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú yín mú ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ga, ó bọ̀wọ̀ fún ara tó ń yà, síbẹ̀ Benoist kọ orúkọ tiẹ̀ sára ògiri ẹ̀yìn obìnrin náà gàdàgbà, kò kọ ti Madeleine síbì kankan. Nǹkan méjèèjì ló yẹ kẹ́ ẹ rí.

Orúkọ tó kọ yẹn, Laville Leroulx f. Benoist ni, ìyẹn orúkọ bàbá ẹ̀ kó tó kan ti ọkọ, ibẹ̀ la sì ti máa bọ́ sí bẹ́ ẹ ṣe lè wá àwọn obìnrin yìí rí. Tẹ́ ẹ bá ń wá iṣẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a, ti ilé bàbá àti ti ilé ọkọ, torí obìnrin kan náà lè ti pàtẹ ní 1791 pẹ̀lú orúkọ kan kó tún pàtẹ ní 1802 pẹ̀lú òmíràn. Villers, Lemoine ni kó tó lọ́kọ. Davin, ẹ tún wá a sí Mirvault. Àwòrán ọkùnrin olórin kan, Bruni, wà ní Frick Collection ní New York, David ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ó yà á, Césarine Davin-Mirvault ni wọ́n padà rí i pé ó ni ín. Ẹ wá nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ọkùnrin pẹ̀lú: Marie-Éléonore Godefroid ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gérard fún ọ̀pọ̀ ọdún, Mayer ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Prud'hon débi pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì wọnú ara wọn. Sáìtì Louvre àti ti Metropolitan ń fi àwòrán hàn lọ́fẹ̀ẹ́, ti Metropolitan ẹ lè dáńlóòdù àwọn tó ti pẹ́ kó sì tóbi dáadáa, ẹ má lo èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri tó ti ṣú.

Àwòrán kéékèèké tó ń wọ àtẹ́lẹwọ́ náà wà o, tí wọ́n yà sórí eyín erin. Lizinka de Mirbel ló mọ ìyẹn jù, òun ló ń ṣe é fún ọba Louis XVIII àti Charles X. Èyí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ súùmù ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ máa rí i pé àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi ni, wọ́n tò ó bíńtínbíńtín, funfun eyín erin ló sì ń tàn láti abẹ́ wá bí ara èèyàn.

Nǹkan kan tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni kẹ́ ẹ máa sọ pé àwòrán yìí rọ̀, ó tutù, ó ní láti jẹ́ obìnrin ló yà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sterling nìyẹn. Wọ́n rọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n sì le nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn, ó sì ti Benoist náà mọ́ta níkẹyìn: nígbà tí ọkọ ẹ̀ dé ipò ńlá nínú ìjọba ní 1814, wọ́n ní kò yẹ kí ìyàwó ẹni bẹ́ẹ̀ máa pàtẹ iṣẹ́ ní gbangba, ó fi sílẹ̀, ó kọ̀wé sí ọkọ ẹ̀ pé kí àwọn má sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ kí ojú egbò má bàa tún ṣí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ dáńlóòdù àwòrán Villers yẹn. Ẹ má wo ọmọbìnrin náà ná. Ẹ súùmù fèrèsé, gíláàsì kan wà níbẹ̀ tó ti fọ́, ẹ wo bó ṣe ya etí ibi tó fọ́ yẹn, kẹ́ ẹ wá wo ọkùnrin àti obìnrin kékeré méjì tó dúró jìnnà níta, lẹ́yìn gíláàsì. Wákàtí kan ni mo lò níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mi ò sì tíì dé orí ojú ẹ̀.